Iná Ọkọ̀ Mẹ́fà

Ẹ má bi mí bóyá ilẹ̀ mọ́ ire lókè ibí.
Èwo nínú wọn?
Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún ni oòrùn ń yọ sí wa láàárín òní sí ọ̀la.
Àkùkọ wo ni ọ̀fun rẹ̀ lè kojú irú èyí?

A kì í dùbúlẹ̀. Ilẹ̀ dà?
A ń ki ara bọ inú àpò, a so àpò mọ́ ògiri,
ọwọ́ á wá léfòó síwájú ẹni lójú oorun
bí ọwọ́ ẹni tó ń tọrọ nǹkan.
Omi tí a tọ̀ lánàá ni ẹ̀rọ sẹ́ di kọfí àárọ̀.
Ẹni tó bá kọ̀ ọ́, kí òùngbẹ máa gbẹ ẹ́ lọ.
Èmi Rodion, ọmọ Perm, èmi ni mo ń tún ẹ̀rọ náà ṣe;
mo kàwé dé góńgó kí n tó wá di olùtọ́jú ìtọ̀ lójú ọ̀run.

Setsuko, ọmọ apẹja Hakodate,
òun ni iṣẹ́ fọ́tò wà lọ́wọ́ rẹ̀.
Wọ́n á kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i láti ilẹ̀:
ya yìnyín tó ń já ní Patagonia,
ya ẹrẹ̀ ẹnu odò Lena,
ya ojú ìjì tí òòyì ń kọ́ lórí òkun.
Ó ń yà á. Kò sí ìjà.

Àmọ́ bí iṣẹ́ bá parí,
á fi aṣọ dúdú bo ara rẹ̀ àti fèrèsé
kí iná ilé má baà wọ inú àwòrán,
á fi ìka ẹsẹ̀ kọ́ irin, á mú èémí dúró.
Fọ́tò òru kò rọrùn láti ibí.
Ilẹ̀ ń sá lọ lábẹ́ wa, máìlì márùn-ún kí o tó ṣẹ́jú;
bí ọwọ́ bá dúró sójú kan,
odindi ìlú á fà gbọọrọ bí ipa ìgbín.
Ìdí nìyẹn tó fi ń yí kámẹ́rà tẹ̀lé ilẹ̀,
díẹ̀díẹ̀,
bí ìyá ṣe ń fi ojú sin ọmọ tó ń lọ sọ́nà jíjìn.

Ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ló ń wá.
Àwọn apẹja ibẹ̀ ń tan gílóòbù ńláńlá lójú omi
kí ẹran òkun kan lè gòkè wá pàdé ikú nítorí ìmọ́lẹ̀.
Ika lorúkọ rẹ̀ lédè wọn,
ó sì jọ ìka lóòótọ́: mẹ́wàá ló nà síta.
“Nígbà tí mo wà ní kékeré,” ó ní,
“òkun máa ń tàn láti etí dé etí,
àfi bí ẹni pé ìràwọ̀ wá wẹ̀.”

Ìgbà àkọ́kọ́, ìkùukùu bò ó.
Ìgbà kejì, ìkùukùu.
Ìgbà kẹta, agogo ewu dún, ẹ̀rọ ní òun gbóòórùn èéfín;
eruku lásán ni.
Mi ò ka ìyókù mọ́.

Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, ojú ọjọ́ là kedere.
Kámẹ́rà ń ké ta-ta-ta-ta.
Ó ṣí aṣọ dúdú lórí, ó ní kí n wá wò ó.
Ìlú nìyí, ó fún nínú bí ìbàdí agbọ́n.
Òkun nìyẹn, dúdú kirikiri.
Iná mẹ́fà péré.
Mo ní, “Ṣé lẹ́ǹsì yìí ti bàjẹ́ ni?”
Kò dá mi lóhùn.

Lọ́jọ́ Sátidé ó tẹ ilé láago.
Bàbá arúgbó náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé:
“Omi ti gbóná, ika ò wá mọ́. Epo sì wọ́n.
Àwa mẹ́fà la ṣẹ́kù tí à ń lọ.
Èmi ni mo wà ní ìkángun. Gílóòbù mi kan ti kú,
mi ò tíì rówó pààrọ̀ rẹ̀.”

Ó padà sí àwòrán, ó fẹ̀ ẹ́, ó tún fẹ̀ ẹ́.
Lóòótọ́, iná ìkángun ṣe bàìbàì.

Nígbà tí àwòrán oṣù ń lọ sílẹ̀,
ìjì, yìnyín, ẹnu odò,
ó fi èyí kún un.
Níbi tí wọ́n ti ní kó kọ ohun tí ó yà,
ó kọ ọ́ pé: Bàbá mi wà lẹ́nu iṣẹ́.

Mo mú sùpánà mi.
Ẹ̀rọ ìtọ̀ ti tún dí.